Ariwo láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀: Kí ni ìró kọ̀ọ̀kan ń sọ, èwo ló sì ń sọ fún awakọ̀ pé kó dúró lójú ẹsẹ̀?

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja ló ti gbọ́ ọ rí. Ọkọ̀ ń sáré geere, ojú ọ̀nà dán, kò sí ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni. Lójijì ni ìró kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn, wùùù, bí ìgbà tí bàálù ń kọjá lọ lókèèrè. Èrò kan ní táyà ni. Èkejì ní ọ̀dà ojú ọ̀nà ni. Awakọ̀ gbé ohùn rédíò sókè, ìró náà sì pòórá létí wọn, ṣùgbọ́n kò pòórá lábẹ́ ọkọ̀.

Lára ohun tó lè fa irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni òkúta kékeré tó há sójú táyà, èyí tí ọmọdé lè fi ìka yọ. Lára rẹ̀ náà ni nọ́ọ̀tì tó ti ń tú, èyí tó lè mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ dànù lórí eré, kó sì pa ẹni tó wà nínú ọkọ̀ àti ẹni tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ létí títì. Létí ẹni tí kò fara balẹ̀, àwọn méjèèjì lè dún bákan náà.

Ìdí nìyí tí orúkọ tí a fún ìró kò fi tó láti mọ àrùn ọkọ̀. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni ìgbà tó ń dún, ohun tó ń mú un ga, àti ohun tó ń mú un dákẹ́. Awakọ̀ tó bá mọ ìwọ̀nyí lè dín owó tí yóò ná lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kù, ó sì lè gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Kí ló wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀?

Nínú èdè àwọn mẹkáníìkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ju táyà lọ. Táyà ni rọ́bà tó ń kan ilẹ̀. Ríìmù ni irin tí wọ́n fi táyà wọ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì ń de ríìmù mọ́ irin roboto kan tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀bù.

Inú họ́ọ̀bù ni bẹ́árìn wà. Bẹ́árìn jẹ́ òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí àwọn ọmọ irin kéékèèké wà láàárín wọn, tí girísì sì ń jẹ́ kí wọ́n máa yí láìha ara wọn. Òun ló ń ru ìwúwo ọkọ̀ nígbà tí táyà bá ń yí. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ní ọdún 1794 ni Philip Vaughan, ará Carmarthen ní ilẹ̀ Wales, gba ìwé àṣẹ lórí fífi ọmọ irin roboto sí ìdí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù ni bíréèkì wà, oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Èkíní ni onídísìkì, níbi tí pádì méjì ti ń fún àwo irin kan mọ́ àárín. Èkejì ni onídúrọ́ọ̀mù, níbi tí láínì méjì ti ń ṣí síta nínú irin tó dà bí ìkòkò, tí wọn yóò sì fara ti ògiri rẹ̀. Sípíríǹgì àti ṣọ́kì ló ń gba ìjà kòtò mọ́ra. Bọ́ṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà ní oríkèé àwọn apá irin, ni kì í jẹ́ kí irin kan irin. Páìpù salẹ́ńsà náà ń gba ìtòsí wọn kọjá.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà lójú títì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, bíi Toyota Corolla, Toyota Camry àti Honda Accord, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ńṣe ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e. Èyí dín iye ohun tí a ó fura sí kù. Kò sí jíà lẹ́yìn, kò sí ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ síbẹ̀. Ohun tó kù ni táyà, nọ́ọ̀tì, bẹ́árìn, bíréèkì, ṣọ́kì, bọ́ṣìn àti salẹ́ńsà.

Ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ kó ṣáájú sípánà

Kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan, ó yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú búùtù sílẹ̀. Jáàkì tí wọn kò dè dáadáa, táyà ìpamọ́ tó ń fò, tàbí kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra ṣọ́kì tí wọn kò nílò. Lẹ́yìn náà ni kó wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà tí kò sí èrò, kí rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù wà ní pípa, kí ẹlòmíràn sì jókòó lẹ́yìn láti máa tẹ́tí sílẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ìgbà wo ló ń dún? Ṣé lórí eré ni, ṣé nígbà tí a bá tẹ bíréèkì ni, ṣé nínú kòtò ni, àbí nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà?

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń bá yí ni, àbí ẹ́ńjìnnì? Kí ọkọ̀ dúró sójú kan, kí awakọ̀ sì fi ẹsẹ̀ tẹ eré díẹ̀. Bí ìró náà bá ṣì ń dún, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò yí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù salẹ́ńsà tó ti jò, ohun tó gbé e dúró tó ti já, tàbí awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ooru rẹ̀ tó ti ń mì.

Ìbéèrè kẹta: ṣé ìró náà ń yára bí eré ọkọ̀ ṣe ń yára? Ìró tó ń dún lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo táyà kọ̀ọ̀kan, tó ń yá bí ọkọ̀ bá yá, tó ń fà bí ọkọ̀ bá fà, ara ohun tó ń yí ló ti ń wá. Èyí tó ń dún nígbà tó bá wù ú, ara ohun tó dúró sójú kan tó ń mì ló ti ń wá.

Ó yẹ kí a rántí pé irin ọkọ̀ máa ń gbé ìró káàkiri. Ariwo tó dà bí ẹni pé apá ọ̀tún ló ti ń wá lè jẹ́ ti apá òsì. Nítorí náà, ohun tí etí bá gbọ́, ọwọ́ àti ojú ni yóò jẹ́rìí sí i.

Ìró tó ń ga bí eré ṣe ń ga: táyà ni àbí bẹ́árìn?

Èyí ni ìbéèrè tó ń tan ènìyàn jẹ jù. Táyà tó jẹ gbágungbàgun máa ń kùn. Bẹ́árìn tó ti ń bàjẹ́ náà máa ń kùn. Àwọn méjèèjì ń ga sókè bí eré bá ṣe ń ga.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ wà lójú ọ̀nà. Ìró táyà máa ń yí padà bí ọ̀nà bá yí padà: yóò rọlẹ̀ lórí ọ̀dà tuntun, yóò sì ga lórí ọ̀dà tó ti ṣá tàbí lórí kankéré. Ìró bẹ́árìn kò ka irú ọ̀nà sí. Eré nìkan ló ń tẹ̀ lé.

Ìyàtọ̀ kejì wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Bí ọkọ̀ bá yà sí òsì, ìwúwo rẹ̀ yóò ṣí lọ sí apá ọ̀tún. Nítorí náà, bí ìró bá ga sí i nígbà tí ọkọ̀ ń yà sí òsì, tó sì rọlẹ̀ nígbà tó ń yà sí ọ̀tún, bẹ́árìn apá ọ̀tún ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ òdìkejì, apá òsì ni. Orí ọ̀nà gbalasa tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, lórí eré ìwọ̀nba, ni a ti lè ṣe àyẹ̀wò yìí, kì í ṣe ní àárín ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ìyàtọ̀ kẹta wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí awakọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká, kó sì ṣọ́ra fún ìṣó tàbí wáyà. Bí ojú rẹ̀ bá rí bí eyín ayùn, tàbí tó ga níbì kan tó sì jin níbòmíràn, táyà náà lè máa kùn. Ṣùgbọ́n táyà kì í dédé rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́kì tó ti kú ló sábà máa ń jẹ́ kí táyà máa fò lórí ilẹ̀ dípò kó máa yí lọ geere, ibi tó bá sì ti ń balẹ̀ ni yóò máa jẹ. Ẹni tó bá pààrọ̀ táyà láìwo ṣọ́kì yóò tún ra táyà mìíràn láìpẹ́.

Àyẹ̀wò kẹrin ni gbígbé táyà ẹ̀yìn lọ síwájú, kí ti iwájú sì bọ́ sẹ́yìn, ní apá kan náà. Bí ìró bá tẹ̀ lé táyà lọ síwájú, táyà ni. Bí ó bá dúró sẹ́yìn, bẹ́árìn ni kí a wò. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó bá ra táyà mẹ́rin tuntun nígbà tí bẹ́árìn ń kú lọ ti pa làpálàpá.

Ọjọ́ orí táyà náà ṣe pàtàkì. Lára rẹ̀ ni àmì DOT wà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jin lè ti gbó nínú; bí ara rẹ̀ bá ti wú níbì kan, okùn inú rẹ̀ ti já nìyẹn, ìró gbì-gbì-gbì tó ń ṣe sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ ìkẹyìn kó tó bẹ́.

Kí ló ń pa bẹ́árìn?

Omi, kòtò àti òòlù ni ọ̀tá bẹ́árìn mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ bá ń la àgbàrá kọjá léraléra, omi àti iyanrìn lè wọ inú rọ́bà tó ń dí bẹ́árìn, girísì á bàjẹ́, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Kòtò tí ọkọ̀ já sí lórí eré lè jẹ́ kí ọmọ irin tẹ ojú òrùka, ibi tó tẹ̀ yẹn ni yóò sì máa dún títí ọjọ́ tí òrùka yóò fi ṣí.

Ti òòlù yà wọ́n lẹ́nu jù. Bẹ́árìn tuntun tí wọ́n bá fi òòlù gbá wọlé lè ti fara gbọgbẹ́ kó tó rin kìlómítà kan. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi máa ń ráhùn pé bẹ́árìn tuntun kò pẹ́ kó tó dún. Ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ló yẹ kí wọ́n lò.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bẹ́árìn àti họ́ọ̀bù ẹ̀yìn jẹ́ odindi ọ̀kan tí wọ́n ti dí pa láti ilé iṣẹ́. Kò sí ibi tí a ó ti fi girísì sí i. Bó bá ti dún, pípààrọ̀ ni. Lára wọn tún ni èyí tí sẹ́ǹsọ̀ bíréèkì ABS wà nínú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé iná ABS lè tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí bẹ́árìn bá ti ń lọ. Yálà ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni, tàbí Suame Magazine ní Kumasi, ẹni tó bá ra bẹ́árìn tòkunbọ̀ ra ohun tí kò lè rí inú rẹ̀. Ó kéré tán, kó fi ọwọ́ yí i, kó sì tẹ́tí: bó bá ń ha tàbí tó ń fì, kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ìró tó ń wá pẹ̀lú bíréèkì

Kì í ṣe gbogbo ìró bíréèkì ni àrùn. Bí ọkọ̀ bá sùn nínú òjò, tàbí tó bá wà ní ìlú etí òkun bíi Cotonou, Lomé tàbí Accra, ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè bo dísìkì mọ́jú. Yóò ha nígbà àkọ́kọ́ tí a bá tẹ bíréèkì, yóò sì dákẹ́ lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ nígbà bíi mélòó kan.

Ìró tó há tó sì ń gún etí, kíììn, yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ pádì ní ahọ́n irin kékeré kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè fara kan dísìkì nígbà tí pádì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pariwo. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í jẹ́ kí pádì fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 3 lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí awakọ̀ kò bá dá ìró yẹn lóhùn, èyí tó kàn ni ìró irin tó ń ha irin, kàràrà, nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Pádì ti tán pátápátá nìyẹn. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ dísìkì, ọkọ̀ yóò sì nílò ọ̀nà tó gùn sí i kó tó dúró. Ohun tí ì bá jẹ́ owó pádì nìkan ti di owó pádì àti dísìkì.

Nínú bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù, eruku láínì tó kó jọ lè mú kó máa dún. Bí omi bíréèkì bá jò sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ náà lè máa gán tàbí kó kọ̀ láti mú. Okùn bíréèkì ọwọ́ tó ti pẹtà náà lè kọ̀ láti tú tán, kí láínì sì máa ha dúrọ́ọ̀mù ní gbogbo ọ̀nà. Ooru ni a fi ń mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí awakọ̀ na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù ẹ̀yìn méjèèjì láìfọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀kan bá gbóná gidigidi ju èkejì lọ, bíréèkì tó há tàbí bẹ́árìn tó ń gbẹ ló wà níbẹ̀.

Òkúta kékeré tún máa ń há sáàárín dísìkì àti awẹ́ irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìró rẹ̀ burú létí ju ohun tó lè ṣe lọ. Nígbà mìíràn, kí ọkọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀ ti tó láti mú kó jábọ́.

Ìró inú kòtò àti orí gegele

Gbì kan ṣoṣo nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá já sí kòtò sábà máa ń jẹ́ ti ṣọ́kì tàbí ibi tí wọ́n ti dè é lókè. Ìró kíkùn bí ilẹ̀kùn tí ìdí rẹ̀ gbẹ, nígbà tí ọkọ̀ bá ń gorí gegele tí wọ́n fi ń dín eré kù, sábà máa ń jẹ́ ti bọ́ṣìn tó ti gbó.

Kí awakọ̀ fi gbogbo ara tẹ igun ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó gòkè, kó balẹ̀, kó sì dúró. Bó bá ń fì sókè sódò bí ẹni tó wà lórí omi, ṣọ́kì ti kú. Bí epo bá ti ṣàn sí ara ṣọ́kì tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rí nìyẹn pẹ̀lú. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń pààrọ̀, kí apá kan má baà le ju èkejì lọ.

Ìró tó ń ka ìyípo táyà

Ìró ṣá, ṣá, ṣá tó ń dún lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ òkúta tàbí ìṣó lójú táyà. Ó lè jẹ́ ìdérí ríìmù tó ti ń ṣí. Ó sì lè jẹ́ nọ́ọ̀tì.

Nọ́ọ̀tì tó ń tú máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró kíkàn tó hàn kedere nígbà tí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, ìjókòó ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ríìmù ń lu bóòtù nìyẹn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ihò ríìmù á fẹ̀, bóòtù á bẹ̀rẹ̀ sí í gé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ náà á sì yọ. Èyí kì í ṣe ìró tí ènìyàn ń fi dé ilé. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti fura ni kí awakọ̀ rọra kúrò lójú títì, kó sì fi ọwọ́ àti sípánà wo nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Àsìkò tó léwu jù ni ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ fọkanáísà tàbí mẹkáníìkì. Fífi ẹsẹ̀ gun sípánà kì í ṣe ojútùú, torí nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá fún jù lè na bóòtù títí yóò fi já. Ìlànà tó tọ́ ni kí wọ́n máa fún wọn ní ojúkojú, kí èyí tó dojú kọ àkọ́kọ́ jẹ́ èkejì, kí wọ́n sì ṣe ìfúnpa ìkẹyìn nígbà tí táyà bá ti kan ilẹ̀. Ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ ló ń sọ ìwọ̀n agbára tó yẹ. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ó yẹ kí wọ́n tún wọn fún. Nọ́ọ̀tì tó wà fún ríìmù irin lè má bá ihò ríìmù aláràbarà mu, èyí sì lè jẹ́ kó máa tú láìdáwọ́ dúró.

Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá jẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ńkọ́?

Bọ́ọ̀sì Toyota HiAce tó ń gbé èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn, àti Peugeot 504 tí ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975, wà lára àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn. Ọ̀pá gígùn kan ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, sínú àpótí jíà kan tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

Bí ìró kan bá ń han wíìì nígbà tí awakọ̀ tẹ eré, tó sì yí ohùn padà nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, àpótí jíà ẹ̀yìn ni kí wọ́n wò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́ìlì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gbà kan ṣoṣo nígbà tí jíà bá wọlé, oríkèé ọ̀pá gígùn náà ló lè ti jẹ. Ọ́ìlì tó bá ń jò láti ibẹ̀ sí inú dúrọ́ọ̀mù lè pa bíréèkì, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí lásán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí jáàkì?

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni ìbẹ̀rẹ̀. Bíréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà ní títú kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó lè yí, nítorí náà igi tàbí òkúta gbọ́dọ̀ dí àwọn táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn, kí jíà sì wà nínú P tàbí nínú jíà kìíní. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, jíà nìkan kò lè dá ọkọ̀ dúró nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bá ti kúrò nílẹ̀; ohun tí wọ́n fi dí táyà iwájú ló ń dá a dúró, mẹkáníìkì ló sì yẹ kó ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹsẹ̀ irin tó dúró ṣinṣin gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ pẹ̀lú jáàkì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé.

Kí wọ́n di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, kí wọ́n sì máa tì í síwá sẹ́yìn. Bó bá ń fì, bẹ́árìn tàbí nọ́ọ̀tì ni. Kí wọ́n fi ọwọ́ kan yí táyà, kí èkejì wà lára sípíríǹgì: bẹ́árìn tó ti ṣá yóò gbọ̀n wá sí ìka ọwọ́ kí etí tó gbọ́ ọ. Kí wọ́n ṣe bákan náà ní apá kejì, torí ìfiwéra ló ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Kí ni awakọ̀ yóò sọ fún mẹkáníìkì?

“Ẹ̀yìn ń dún” kò tó. Ohun tó wúlò ni kí ó sọ iye eré tí ìró ti ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó tẹ bíréèkì àti nígbà tó yà, ìgbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ náà kẹ́yìn, àti bóyá ọkọ̀ ti la omi kọjá tàbí já sí kòtò láìpẹ́. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè gba ohùn náà sílẹ̀ sórí fóònù. Kí awakọ̀ sì bẹ mẹkáníìkì pé kí àwọn méjèèjì jọ wa ọkọ̀ náà kí wọ́n tó ra ohunkóhun.

Ìgbà wo ni kí awakọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀?

- Bí ìró kíkàn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, tàbí tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń gbọ̀n.
- Bí bíréèkì bá ń ha irin mọ́ irin, tàbí tó bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.
- Bí ríìmù kan bá gbóná ju èkejì lọ, tí òórùn jíjóná tàbí èéfín sì ń jáde.
- Bí bẹ́árìn tó ń kùn tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha tàbí tí táyà bá ń fì.
- Bí ara táyà bá wú.

Kí awakọ̀ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì. Kó dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kó kúrò lójú títì, kó tan iná ìkìlọ̀, kó gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí àwọn tó ń bọ̀ yóò ti tètè rí i, kí àwọn èrò sì jìnnà sí títì. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà pàjáwìrì àjọ FRSC ni 122.

Ìró kan wà tó yẹ kí a bẹ̀rù ju gbogbo wọn lọ: èyí tó dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún nǹkan kan ṣe. Ahọ́n irin tó ń kígbe lára pádì lè jẹ tán, kó sì dákẹ́. Ọkọ̀ kì í wo ara rẹ̀ sàn. Bí ariwo àná kò bá sí lónìí, tí kò sì sí ohun tí wọ́n tú tàbí tí wọ́n pààrọ̀, ó yẹ kí ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kó tó tún bọ́ sí ọ̀nà jíjìn.